Ọjọ́ Tí Lọ́yà Wá Bi Màmá Léèrè

Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé mú màmá mi, èmi àti wọn la jọ ń gbé nínú ilé wọn ní Ọ̀tà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó ni mò ń lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, àwa méjì péré ni wọ́n bí, ti kọ́lé sí Ìjòkó. Ó ní kí màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, àti pé òun máa mú lọ́yà wá kó ṣe ìwé àṣẹ tí òun yóò fi máa dúró fún wọn ní báńkì, tí òun yóò sì fi máa bójú tó ilé wọn.

Mo ní, "Ilé wo? Èyí tí mò ń sùn nínú ẹ̀ yìí?"

"Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ ká jà. Ẹ wo bí ẹ ṣe rù."

Òótọ́ ni, mo rù. Ọ̀rọ̀ náà wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́: ṣé ilé ló ń wò ni, àbí èmi?

Lọ́jọ́ tí lọ́yà máa wá, màmá jí, ojú wọn dá ṣáká. Wọ́n pè mí lórúkọ. Wọ́n ní ìró mi ti ya lẹ́yìn, kí n pààrọ̀ ẹ̀ kí àlejò tó dé. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n á gbè mí.

Lọ́yà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, jókòó sórí àpótí níwájú wọn. "Màmá, ta lẹ fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lórúkọ yín?"

Màmá nawọ́ sí àbúrò mi. "Eléyìí ni."

Ó dùn mí dé eegun. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí.

Lọ́yà tún bi wọ́n pé, "Kí ló jẹ́ sí yín?"

"Àbúrò ọkọ mi ni. Òun ló sìn mí wálé lọ́jọ́ ìyàwó mi."

Àbúrò mi ké, "Màmá, ọmọ yín mà ni mí o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ pa á léjìká bí ẹni ń tu àlejò nínú. Lọ́yà kó bébà ẹ̀ jọ. Ó ní òun ò lè ní kí wọ́n tẹ̀ka síwèé báyìí, pé tí a bá fẹ́, ká gba kóòtù lọ.

Bó ṣe jáde ni àbúrò mi kọjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn!"

"Kí n kọ́ wọn pé kí wọ́n yàn ẹ́?"

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tí irun ẹ̀ ti ń funfun. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí i ni àbí kí n bá a sunkún.

A ò lọ sí kóòtù. Tí iṣẹ́ alẹ́ bá kàn mí báyìí, òun ló máa ń wá sùn ti màmá. Ọ̀rọ̀ ilé ṣì wà nílẹ̀, a kì í dá a sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé wọn lọ gbatẹ́gùn nílé ẹ̀ ní Ìjòkó, wọ́n sì kọ̀, wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo lọ bá wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Má jẹ́ kí wọ́n dá mi padà."

"Padà síbo, Màmá?"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo àbúrò mi. Àwa méjèèjì ò sì mọ ibi tí wọ́n ń sọ.