Ẹni Tó Ń Gbé Kọfí

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni èmi àti ìyàwó mi wo fíìmù kan nílé wa ní Bódìjà, láàárín àwọn ọdún 1990. Dùgbẹ̀ ni mo ti yá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Fíìmù máfíà ni. Àwọn ọ̀gá ọ̀daràn ń pa ara wọn, ọkùnrin kan tí kò sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ sì ń gbé kọfí fún wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, òun ló di olórí gbogbo wọn.

"Irọ́ nìyí," ni mo wí. "Agbékọfí wo ló ń di ọba lọ́sàn-án kan òru kan?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ ò wò ó dáadáa ni. Níwájú ta ni wọ́n ti ń sọ gbogbo àṣírí yẹn?"

"Níwájú ara wọn."

"Ẹni tó gbé kọfí dání ńkọ́? Àga ni?"

Mo ní fíìmù kò yé e. Ó kó abọ́ wọlé.

Lọ́dún kejì, bàbá mi kú. Àbúrò wọn fẹ́ ta ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Agbowó, wọ́n ní bàbá mi ti fọwọ́ sí i. Inú ilé yẹn ni ìyá mi ń gbé, kò sì níbòmíràn. Nípàdé ẹbí nínú ilé náà, èmi tí mo kàwé jù kàn ń bẹ̀ wọ́n ni.

Ìyàwó mi ló kéré jù nínú àwọn ìyàwó ilé, òun ló sì máa ń gbé omi kiri. Ó kúnlẹ̀ gbé ife fún àbúrò bàbá mi, kò dìde.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ wá kí ẹ̀gbọ́n yín nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, èmi ni mo bu omi fún yín. Ẹ ní kí n fi yìnyín sí i. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá wà láyé. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe àmín."

Bàbá náà wo ife ọwọ́ wọn títí.

"Yìnyín," ni wọ́n wí. "Òótọ́ ni. Ọmọ yìí wà níbẹ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án la ti fẹ́ra, ó wá dà bíi pé ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i. Láti ìgbà náà, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láìbèèrè pé, "Ìyàwó wa dà?" Orí ibùsùn ara rẹ̀ nínú ilé yẹn ni ìyá mi kú sí.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí fíìmù náà, mo sì wò ó. Ọkùnrin náà nìkan ni mo ń wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó ń gbọ́.

Mo yíjú sí àga ìyàwó mi kí n lè sọ fún un pé mo ti gbà.