Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Sílẹ̀

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó ní kí n jókòó. Ẹni tó bá bá obìnrin náà ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé kì í ní kí nọ́ọ̀sì jókòó. Orí ìdúró la ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ búburú. Mo jókòó, mo ń ro ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Mi ò ṣẹ̀ sí i. Iṣẹ́ tuntun kan ló ṣí sílẹ̀ ní ọsibítù wa ní Lọ́kọ́ja, èmi ló sì wá sí i lọ́kàn. Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà náà, láti Ìlọrin ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n yan nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ aláìsàn láti ọjọ́ tó bá ti wọ wọ́ọ̀dù títí tí ara rẹ̀ yóò fi yá délé. Òun ni yóò mọ ẹni tí yóò máa fún aláìsàn lóògùn nílé, òun ni yóò bá dísípẹ́ńsárì abúlé rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà ni yóò wá a lọ bí ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ bá kọjá tí a ò rí i. Fọ́ló-ọ́ọ̀pù ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí iṣẹ́ alẹ́ nínú rẹ̀. Kò sì sí abẹ́rẹ́, kò sí pé à ń wẹ aláìsàn, kò sí pé à ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo fẹ́ gbọ́ èsì kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó tán," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Bí o bá kọ̀, mo ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà á, o ò ní sáré padà sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tó bá wù ọ́ o. Iṣẹ́ kì í ṣe ilé ìyá ẹni."

Nílé wa ní Gadumo, ọkọ mi kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ náà dé ìdajì tó fi ń dúpẹ́. Tíṣà ni. Lálaalẹ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń gbé ọmọ kiri yàrá, tí yóò sì tún jí lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀.

"Ọlọ́run ti gbọ́ ẹkún ọmọ yìí," ló wí. "Èmi náà á sùn."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

"Rò kí ni? Ohun tí àwọn kan ń fi ààwẹ̀ wá ni wọ́n gbé wá bá ọ níbi tí o jókòó sí, o ní ò ń rò ó!"

Mi ò mọ bí mo ṣe máa là á yé e. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì lójú tèmi. Bí mo bá fi sípírítì àti páúdà ra ẹ̀yìn obìnrin tó ti pẹ́ lórí ibùsùn, tí mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, tó ní "ẹ ṣeun o," mo mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò mí kanlẹ̀ fún mi bí mo bá jókòó nídìí tábìlì? Mo sì mọ̀ pé ọmọ mi nílò mi lálẹ́. Bí mo bá ti ro ti wọ́ọ̀dù, ojú a máa tì mí nítorí ọmọ. Bí mo bá ro ti ọmọ, a máa ṣe mí bíi pé mo fẹ́ sá kúrò níbi tí mo ti wúlò.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin kò ràn mí lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó, ó fẹ́ di wolé-wolé!" ló pariwo láàárín àwọn aláìsàn. "Bí wọ́n bá ti rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán ní àdúgbò Karaworo, oníkálukú á sáré lọ bo ìkòkò omi rẹ̀."

Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìyàwó kékeré kan padà wá bá wa. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbé ọrùn dúró. Ilé àwọn oníṣòwò kan tí baba ńlá wọn ti Ìlọrin wá ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, ní ìgboro àtijọ́ lápá odò. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́, kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Èmi ni mo to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, títí tí omi ara rẹ̀ fi fà tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Òun náà rèé tó tún jókòó gbagidi lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wá èémí, tí ojú rẹ̀ wú.

Sísítà wọ́ọ̀dù wa kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò fún un lóògùn!"

"Mo fi Ọlọ́run búra, ìyá mi ń fún un. Ojú mi báyìí ni."

"Dókítà ní kó má jẹ káún, kó má jẹ iyọ̀, kó má sùn sínú ooru. Ṣé ẹ sọ fún Màmá?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Nígbà tó gbé oúnjẹ wá nírọ̀lẹ́, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ọlọ́mọ, ọkùnrin kì í dá sí i nílé wa. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, Màmá bi mí bóyá èmi ni mo bímọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà mo rántí ara mi. Nígbà tí mo bímọ, ìyá mi wá láti Kàbà, ó ń fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi híhó tẹ̀ mí nínú láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì mi kọ́ sára ògiri lókè orí wa, èmi sì dùbúlẹ̀ bí ọmọdé, mo di eyín mú, mi ò sọ nǹkan kan. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? A kàn ń ti ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ ọkùnrin yìí pé kó gbé e lọ síbi tí kò gbọdọ̀ wọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Mátírọ́ọ̀nù.

"Bí ara ìyàwó náà bá yá, ìwọ ni kó o tẹ̀lé e délé."

"Èmi kẹ̀, Mà?"

"Àbí ọkùnrin mìíràn ni kí n tún rán?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ìyàwó náà délé lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ró ìró mọ́ àyà, ó gba ọmọ, ó súre fún mi, ó bi mí léèrè ìlú mi.

"Ọmọ Kàbà ni mí, Màmá."

"Ọmọ Òkun! Òkun o!" Ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílùú wa, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé ni tiyín. Ìwé ò tíì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wẹ ọlọ́mọ, àbí?"

"Ẹ kọ́ mi, Màmá."

Mi ò pète pé màá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mú èmi àti ìyàwó wọ yàrá. Ooru tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ẹ̀yinná ń jó nínú agbada abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá ti dá a sílẹ̀ de ìyàwó ọmọ rẹ̀. Oògùn ọsibítù wà nínú aṣọ mímọ́ tó so kọ́ ara ìṣó, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà tó o. Ó ní òun kì í gbàgbé ọ̀kan. Kúnnú gbígbóná, ẹ̀kọ ọkà bàbà tó fi káún sè, ló fi ń lé oògùn náà wọlé, ọpọ́n kíkún, kí ọmú lè rí omi. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lára, ó fi kún iná, ó fi kún káún.

Mo dúró níbẹ̀, òógùn bò mí. Ìtọ́jú tí à ń bẹ ará ilé aláìsàn pé kí wọ́n ṣe, obìnrin yìí ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú náà gan-an ló ń dá ìyàwó padà sí wa.

"Màmá, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ìyàwó yín níbí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ara náà rọra padà sípò.

"Lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá ńkọ́?"

"Ó jìn kòtò. Bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì."

"Omi ni, Màmá, kì í ṣe òtútù. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára àtigbé omi yẹn. Káún ń dá omi ró sí i lára, ooru sì ń dá ọkàn lágara."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yìí, èmi ni mo wẹ ìyá wọn. Ta ni mo pa nínú wọn?"

"Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni. Ọkàn tiwọn gbé e. Tèyí ò lè gbé e ni."

Ìyàwó rọra gbé ọmọ sọ́mú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bí mi ò bá wẹ̀ ẹ́, kí ni kí n wí fún ará àdúgbò? Wọ́n á ní nítorí pé kì í ṣe ọmọ tèmi ni."

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn. Kò sí bí mo ṣe lè gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù láéláé.

"Ẹ máa wẹ̀ ẹ́, Màmá. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ bíi ti ọmọ jòjòló. Ẹ kó ẹ̀yinná kúrò. Ẹ máa ṣe kúnnú, ẹ yọ káún nínú rẹ̀, ẹ má sì fi iyọ̀ sóúnjẹ rẹ̀. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa tẹ ẹsẹ̀ yìí. Ọjọ́ tó bá jìn, kí ẹ ránṣẹ́ sí mi."

"Kí n ránṣẹ́ sí ọ. Ṣé o máa wá?"

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kò lè wá. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́, ta ni màá fi àwọn tó wà lórí ibùsùn sílẹ̀ fún? Mo mọ èyí dáadáa kí n tó la ẹnu.

"Màá wá, Mà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa agbada ẹ̀yinná jáde kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé mo gbà, kò yìn mí. Ó ní kí n bọ́ sí tábìlì tó wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nira fún mi. Ọwọ́ mi kò mọ ibi tí yóò wà; mo fi ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ọ̀rẹ́ mi ń kọjá lọ pẹ̀lú páànù abẹ́rẹ́, mo ń jowú rẹ̀. Nílé, ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ gba ìrọ̀lẹ́ ara mi padà ti mọ́ bàbá rẹ̀ lára, àyà bàbá rẹ̀ ló ń sá lọ bí oorun bá ń kùn ún. Mo yíjú sí ògiri, mo sunkún díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ ìyàwó náà dé, ó ń mí hẹlẹ. Màmá ní kí n máa bọ̀. Mo sáré tẹ̀lé e, mo ń ro ọ̀rọ̀ tí màá sọ bí wọ́n bá tún ní láti gbé e wá. Mo bá ìyàwó nínú àgbàlá, ó ń fọ aṣọ ọmọ. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jìn.

"Màmá, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan," ni ìyá náà wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o máa wá ni."

Inú bí mi. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń dúró dè mí ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti gbé ọpọ́n kúnnú lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tọ́ ohun tí mo sọ oúnjẹ ilé òun dà wò. Kò dùn rárá. Mo mu ún tán, a jọ ń rẹ́rìn-ín.