Wáyà Tí Mo Yá Bàbá Kan

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ orin, ẹ súnmọ́ bí. Nígbà tí mo ṣì kéré ní Laranto, níhìn-ín ní Jos, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá àgbà wa ti ń kọ lẹ́tà sí wa. Kò mọ̀ ọ́n kọ, nítorí náà, á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní Ògbómọ̀ṣọ́, á fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Jos. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ kò lè dá fọhùn, àfi kí a fi wáyà so ó mọ́ rédíò ńlá bàbá mi.

Ìyá àgbà kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni kásẹ́ẹ̀tì tó ṣe kẹ́yìn tó dé ọwọ́ wa. Eku ti jẹ wáyà wa, ni bàbá mi bá yá ti aládùúgbò wa kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Gbogbo wa jókòó. Ìyá àgbà ń kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àkọ́bí. Èmi ni àbíkẹ́yìn, mò ń retí tèmi. Ló bá di pé ọkùnrin yìí já wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní àlejò òun fẹ́ gbọ́ orin, ó sì fa wáyà rẹ̀ yọ. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ti ọmọ yìí."

"Haba! Òkú ò ní sá lọ. Ẹ lọ ra tiyín."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú! Títí dòní ló ṣì ń ta mí lára.

A ò ra o, mo ṣe é ni. Oníṣẹ́ rédíò kan fún mi ní àjákù wáyà àti ẹnu wáyà àlòkù. Mo bó awọ rẹ̀, mo ki irin bọ inú ẹyín iná ìyá mi, mo fi yọ́ òjé lé e. Iná jó mi níka, mi ò sunkún. Gbogbo ìgbà tí òjé bá ti ṣe ṣìì, ọkùnrin yẹn ni mò ń ṣépè fún. Nígbà tí a kọ́kọ́ so ó, ó ń kùn bí agbọ́n, torí mo ti gé okùn irin wẹ́wẹ́ tó yí wáyà àárín ká, tó ń dènà ariwo, dànù, mo ṣe bí ìdọ̀tí ni. Mo tú u, mo tún un ṣe. Ohùn wá mọ́ gaara. Ìyá àgbà kì mí tán, ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di ọ́ o."

Ìyá mi sunkún. Èmi gbọ́ àṣẹ.

Ayé ti yí. Inú afẹ́fẹ́ ni orin tiyín ń gbà, kò sí ohun tí ẹnìkan máa fà yọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé, Kabong níhìn-ín ní Jos ló ń gbé báyìí, ó ti darúgbó, ẹ̀rọ àtijọ́ ló ṣì ń lò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, inú kásẹ́ẹ̀tì ni orin tó kọ wà. Irú wáyà yẹn ṣòro rí lọ́jà báyìí, wọ́n sì sọ fún un pé èmi ṣì ń ṣe é nílé mi ní Hwolshe. Ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi. "Sannu, Mama," lọ́mọ náà fi Haúsá kí mi. Mo ṣe é fún un, ó dáa ju èyí tó fà yọ lọ. Ṣùgbọ́n mo ní kó sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé mo yá a ni o, mi ò ta á lọ́rẹ. Ìgbà tó bá wù mí ni n ó wá gbà á, ìbáà jẹ́ àárín orin.

Wọ́n ní bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń kọrin nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò. Wọ́n ní kí n dárí jì í. Kó máa wò ó. Òkú ò ní sá lọ.