Màmá Tijésù ní Kàńtà Iwájú

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Deborah Akínpẹ̀lú fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Ìdí ẹ̀rọ ló wà ní gbogbo ọdún yẹn. Òun ló ń to bébà sí ẹnu ẹ̀rọ, òun náà ló ń kó o nígbà tó bá jáde. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà, jẹnẹrétọ̀ kan sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Tí gbogbo wọn bá ń dún pọ̀, èèyàn lè pariwo sí etí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí onítọ̀hún má gbọ́.

Wọn kì í pariwo. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Nùrẹ́nì, tó ń darí ẹ̀rọ tó tóbi jù, á fi ìka méjì gbá àtẹ́lẹwọ́: bébà ti tán. Á fi ọwọ́ pa àyà: íǹkì ò tó. Tó bá fi ọwọ́ ra imú, tó wá ń rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀, Alàgbà Ayọ̀délé tó ni ilé ìtẹ̀wé ti wọlé nìyẹn, kí oníkálukú tètè gbájú mọ́ṣẹ́. Alága ni gbogbo wọn ń pè é. Wọ́n ń fi ọwọ́ bú ara wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bẹ ara wọn. Ojú ni Deborah fi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tó mọ̀ pé etí rẹ̀ ń di díẹ̀díẹ̀. Òun gan-an kò mọ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Alága ta àwọn ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ ti dínkù ní Ọ̀yọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá tẹ iṣẹ́ àṣejáde wọn, tí wọ́n sì ń dì í. Ẹ̀rọ tó gbé síbẹ̀ kò ju àpótí lọ, kò sì pariwo ju fáànù lọ. Nùrẹ́nì kó lọ sí oko rẹ̀ lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Alága ní kí Deborah lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn ní kàńtà iwájú, nítorí pé àgbà ni, kì í jalè, kì í sì í pẹ́ dé.

"Màmá Tijésù, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ariwo," ni Alága wí. "Ẹ lọ jókòó síbi tó tura."

Deborah gba yàrá kan sí àdúgbò Tákié. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ó ti mọ̀. Ibẹ̀ dákẹ́, ẹnu àwọn èèyàn ń ṣí, ẹnu wọn ń pa dé, ohùn wọn sì ń dé etí rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò tí a fi aṣọ bò. Ó lọ rí dókítà. Dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, ó fi ohun kan bò ó létí, ó tẹ bọ́tìnì títí, Deborah kàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sórí ìwé fún un: ariwo ẹ̀rọ ló bà á jẹ́. Kò ní padà. Ohun kan wà tí wọ́n ń fi sí etí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti ń rí i. Nígbà tí Deborah rí iye tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká ìwé náà, ó dúpẹ́, ó jáde.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá máa jókòó ní kàńtà gbọ́dọ̀ gbọ́ràn. Ọdún méjì ló kù kí Tijésùnimí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, parí ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin. Deborah ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, iṣẹ́ ìtẹ̀wé nìkan ló sì mọ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí iṣẹ́ náà má bọ́ lọ́wọ́ òun kí ọmọ náà tó jáde.

Àwọn mẹ́ta mìíràn ló bá níbẹ̀: James tó jẹ́ mánéjà, Grace tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò iṣẹ́, àti Tọ́bi tó ń di ìwé. James ló dàgbà jù nínú wọn, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé láràárọ̀, ẹ̀yìn Deborah sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé, nítorí òpópónà ni kàńtà kọjú sí. Grace á kúnlẹ̀ díẹ̀, Tọ́bi á tẹ̀ ba.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Deborah kì í yíjú.

Ní ọjọ́ kìíní wọ́n ní bóyá ó ń ronú. Ní ọjọ́ kẹta, Tọ́bi ní, "Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá. Ó ní láti jẹ́ pé inú ààfin ni wọ́n bí wọn sí." Grace rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọ́n ti jáwọ́ nínú kíkí i.

Deborah rí ẹsẹ̀ wọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun láìdúró. Ó yé e. Kò lè ní kí wọ́n padà wá kí òun láti iwájú. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó ń tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń yí àga rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ kí i. Tí òun bá ti kí wọn, kò nílò láti gbọ́ ohunkóhun. Ẹ̀rín nìkan ló kù.

"Grace, káàárọ̀ o. Tọ́bi, ṣé dáadáa lo jí?"

Àgbà tó bá ṣíwájú kí ọmọdé, ọmọdé mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n ń bá a wí ni.

"Wọ́n tún ti kí mi kí n tó kí wọn," ni Grace wí nídìí kọ̀ǹpútà.

"Èmi ńkọ́?" ni Tọ́bi wí. "Wọ́n kí mi bí ẹni pé mo jí ìkíni wọn gbé. Nígbà tí mò ń kí wọn, ta ló dá mi lóhùn? Ògiri."

"Dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kó tán."

"Ojú títì ni màá dọ̀bálẹ̀ sí lọ́la, kí gbogbo yunifásítì rí mi."

"Tí kẹ̀kẹ́ bá wá gun orí ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á ṣì kí mi kí n tó kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Deborah rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín sí wọn láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n yíjú padà sídìí iṣẹ́ wọn.

James ló wá bá a sọ ọ́. Ó dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ sì wà lójú rẹ̀, nítorí náà Deborah rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, tí àwọn ọmọ yìí bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má fi ìkíni nà wọ́n mọ́. Ó ń dùn wọ́n."

"Mo ti gbọ́, Mánéjà," ni Deborah wí.

Láti ọjọ́ náà, kò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì kí i.

Àwọn oníbàárà ló kù. Ó ra ìwé àjákọ kan, ó so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá dé, á na ìwé náà sí i: kó kọ orúkọ, iye ẹ̀dà, àwọ̀ èèpo tó fẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ kankan kò ṣìnà. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú bírò náà dání, ó pe James.

"Bọ̀dá, ṣé àgọ́ ọlọ́pàá nibí ni? Ìwé ni mo fẹ́ dì, Màmá ní kí n kọ sítéétímẹ́ǹtì."

James rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ, ó gbé ìwé àjákọ náà kúrò. "Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, Màmá. Èèyàn fẹ́ kí wọ́n dá òun lóhùn."

Ọjọ́ Wẹ́sidé kan ni olùkọ́ yunifásítì kan gbé iṣẹ́ wá, ó sì lọ. Kò tíì dé ibi ọkọ̀ rẹ̀ tó fi rántí pé ojú ìwé kan kò pé. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó ké sí Deborah pé kí wọ́n má tíì dì í. Orí Deborah wà lórí iṣẹ́ tó ń kà. Ọkùnrin náà tún ké. Ó ké nígbà kẹta, àwọn ọlọ́kadà sì ń wò ó. Deborah gbé iṣẹ́ náà fún Tọ́bi, Tọ́bi dì í. Nígbà tí olùkọ́ náà fi máa rékọjá wá, èèpo ti lẹ̀ mọ́ ọn.

"Màmá yẹn ò ka èèyàn sí," ló sọ fún James.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Deborah wọ yàrá James lọ. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó dúró níwájú James, níbi tí òun ti lè rí ẹnu rẹ̀.

"Mánéjà, kì í ṣe ìgbéraga. Etí mi ti di. Mi ò gbọ́ràn mọ́."

James fò dìde. Ó ta ìka yí orí ara rẹ̀ ká. "Há! Màmá! Ẹ má fi ẹnu ara yín sọ irú ẹ̀. Ẹ ò ní dití lórúkọ Jésù. Ó ti rẹ̀ yín ni. Gbogbo ọdún yẹn nídìí ẹ̀rọ, ṣé eré ni? Ìsinmi lẹ nílò."

"Dókítà ló sọ ọ́."

"Ìròyìn dókítà kọ́ la máa gbà." Ó ti ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ojú rẹ̀ kún fún àánú.

Ní ìrọ̀lẹ́, James pe Alága lórí fóònù. Kò pa irọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tí Màmá sọ nípa ara rẹ̀ ni kò lè fi ẹnu rẹ̀ tún sọ létí àgbàlagbà. "Ó ti rẹ Màmá Tijésù, sà," ló wí. "Wọ́n wá bá mi lónìí. Ìsinmi ni wọ́n ń fẹ́, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún yín."

Alága wá láti Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ Túsìdé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n to àga sí àárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra ohun mímu. Grace ti tẹ àwòrán Deborah sórí pátákó ńlá kan, wọ́n kọ A DÚPẸ́, MÀMÁ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Deborah rí pátákó náà, àyà rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ yẹ́ òun sí fún ọdún tí òun ti lò. Ó rò pé lẹ́yìn èyí, bóyá òun lè bá Alága sọ̀rọ̀ fúnra òun.

James sọ̀rọ̀. Nítorí pé Alága wà níjòókòó, ó tẹrí ba bó ṣe ń sọ ọ́, Deborah kò rí ju àárín orí rẹ̀ lọ. Grace sọ̀rọ̀, òun náà doríkodò. Tọ́bi ṣe bẹ́ẹ̀. Alága wá mú ìwé kan jáde, ó ń kà á, ìwé náà sì bo ẹnu rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bi Deborah ní nǹkan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Sà?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú ti Deborah. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́. Alága na lẹ́tà kan sí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Deborah já lẹ́tà náà. *Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti béèrè, a gbà kí ẹ lọ sinmi láti ìparí oṣù yìí.* Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré jáde.

Ọkọ̀ ti ń yí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, nínú eruku. "Alága, ẹ dákun, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ bi mí. Mi ò gbọ́ràn. Mi ò béèrè ìsinmi."

Alága bojú wo kòtò tó wà níwájú ọkọ̀, ó bá awakọ̀ sọ nǹkan, ó yíjú sí i, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú rẹ̀ tutù. Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká láti inú fèrèsé. Ọkọ̀ náà lọ.

Grace ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Màmá," ló pè. Deborah kò yíjú. Grace tún pè é, ó rí i pé kò mira, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó yí wá síwájú Deborah, ó fà á dìde, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ òmíràn, ó dá ọwọ́ dúró. Níkẹyìn ó na fóònù náà sí i.

*Wọ́n ní ẹ má ronú. Ẹni tó máa rọ́pò yín ti wà nílẹ̀, ọ̀la ló ń bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ fara balẹ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà.*

Deborah kà á tán. Ó dá fóònù padà fún un, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti dúró sí kàńtà, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù parí. Ó wọlé lọ bá a.