Ọjọ́ Tí Bàbá Àdùkẹ́ Wá sí Kíláàsì Kóòdù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kubwa, l'Abuja níbí, nígbà ọlidé tó kọjá yìí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí, ẹ̀rín ṣì ń pa mí!

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní báńkì kan. Tí ọlidé gígùn bá dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan máa ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní kóòdù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọ ìtọ́ni tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Yàrá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa la ń lò.

Àdùkẹ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kì í pariwo, àmọ́ tó bá bi èèyàn ní ìbéèrè, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wá àga jókòó!

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a ò rí i mọ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe ìyá rẹ̀, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló ní kó má wá mọ́.

Kí ló dé? Mo gba ọ̀dọ̀ wọn lọ.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni bàbá náà, ọmọ Ìkìrun. Ibi iṣẹ́ ni mo bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n tiẹ̀ nu bẹ́ǹṣì fún mi. Àmọ́ wọ́n ní ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ kan ládùúgbò àwọn nítorí jìbìtì yahoo, orí laptop ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àdùkẹ́ yìí nìkan ni Ọlọ́run fún àwọn.

Ṣé kí n wá bínú ni? Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ẹ̀yin ará! Mo kàn ní, "Ẹ wá fojú ara yín rí i, sà. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Wọ́n wá lóòótọ́, àwọn àti Àdùkẹ́! Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn, téèpù ìwọ̀n wà lápò. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní kí Àdùkẹ́ sọ ohun tó ń ṣe gan-an.

Abuja ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí. Ó gbọ́ Yorùbá, kó sọ ọ́ ni wàhálà! Ó ní, "Daddy, tí ẹ bá fẹ́ ṣe... ṣe burglary wíńdò, ẹ máa sọ bó ṣe wide tó fún kọ̀ǹpútà. Òun á sọ iye irin fún yín."

Mo mọ̀ pé irin ààbò ojú wíńdò ló ń ṣírò. Mi ò mọ̀ pé tìtorí bàbá rẹ̀ ni!

Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n wá ní kó tẹ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí irin máa fi ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin jìnnà síra. Ó tẹ̀ ẹ́. Méjìlá ló jáde.

"Kò pé," ni bàbá wí. "Mẹ́tàlá ni."

Èmi tíṣà, mo yára dá sí i! Mo ní mo ti yẹ ìṣirò náà wò, ó péye. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ya ìka, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ìka mélòó nìyí?"

"Márùn-ún."

"Àlàfo àárín wọn ńkọ́?"

Ó kà á. "Mẹ́rin... Kai! Daddy!"

Àlàfo la kà, a gbàgbé irin tó bẹ̀rẹ̀! Ojú tì mí, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ fi ọ̀kan kún un, mẹ́tàlá jáde, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Bàbá wá fa àga, wọ́n jókòó ti ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Tí irin wíńdò náà bá ní ìlẹ̀kùn kékeré láàárín ńkọ́?"

Mo ti rò pé mo fẹ́ lọ la bàbá kan lójú ni, àṣé èmi ni wọ́n máa là lójú. Òbí tó ń sọ pé rárá lè jẹ́ ẹni tí a ò tíì pè wọlé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti kọ́ yín ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti mọ̀ tán? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á!