Ọ̀dà Abẹ́ Bóòtù

Oníwàdùwàdù ni Susannah láti kékeré. Nígbà tí òun àti Micah ṣì ń fẹ́ra, bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sódò lẹ́yìn òjò, Micah ni í di etí ìró rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, á ní, "Rọra."

Gàrí ni Susannah ń kó láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Micah ló ra tírélà kékeré tó ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tòkunbọ̀ tó ní bíréèkì tirẹ̀. Bí Susannah bá tẹ bíréèkì ọkọ̀, iná bátìrì á gba inú wáyà lọ di táyà tírélà mú.

Kí Micah tó kú, ó kun tírélà náà ní ọ̀dà búlúù. Ẹ ò mọ ọkùnrin yẹn ni, àṣejù rẹ̀ pọ̀. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ló tú, ó kun abẹ́ rẹ̀ kó má baà dípẹtà, ó sì dè é padà. Ọ̀dà gbẹ tán, òun náà sùn, kò jí mọ́. Láti ìgbà náà, Susannah kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èékánná kan ọ̀dà ọ̀hún.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tún gbé tírélà náà jáde, kùrukùru bo ọ̀nà, gbogbo nǹkan rí bí ojú oorun. Níbi tí títì ti dà sísàlẹ̀ ní Ìmùṣin, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó tẹ bíréèkì títí, àwọn tó ń sọdá sì sá kíjokíjo. Díẹ̀ ló kù kó gbá wọn.

"Ẹ tà á," ni Gilbert, àbúrò Micah, wí. "Á pa yín."

Susannah mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé e lọ bá Gbàdàmọ́sí rìwáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe: bí kò bá ṣeé ṣe, òun á tà á.

Gbàdàmọ́sí fi jáàkì gbé táyà kan kúrò nílẹ̀, ó yí i, ó ní kí Susannah tẹ bíréèkì. Táyà ń yí lọ bí ẹni tí wọ́n pè tí kò gbọ́. Gbàdàmọ́sí wá fa wáyà gígùn kan láti orí bátìrì, ó fi kan irin tírélà.

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

Táyà dúró gbọn-in.

"Ìyá Jọmílójú," ni Gbàdàmọ́sí pe Susannah, "iná ń dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó máa gbà padà ni kò rí."

Ó tú bóòtù tó de wáyà mọ́ irin. Ọ̀dà búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, ó nípọn, ó ń dán. Àmì àtàǹpàkò kan hàn ketekete nínú rẹ̀, níbi tí Micah ti fọwọ́ kàn án wò bóyá ó ti gbẹ.

"Ọ̀dà yìí ló dínà mọ́ iná. Ibẹ̀ ni màá ha," Gbàdàmọ́sí wí, ó mú sáńpépà. Ó rí ojú Susannah, ó sì fà sẹ́yìn.

Susannah kúnlẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e. Ti Micah tóbi ju tirẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó dà bíi pé òórùn ọ̀dà tútù tún ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, àárò ọkọ rẹ̀ sì sọ ọ́ gan-an. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó na ọwọ́ gba sáńpépà, ó ha ibẹ̀ fúnra rẹ̀ títí irin fi funfun.

Nígbà tó tún dé Ìmùṣin pẹ̀lú ẹrù gàrí, ó tẹ bíréèkì. Tírélà fà á sẹ́yìn díẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni di etí ìró rẹ̀ mú.

"Mo gbọ́," ni Susannah wí, òun nìkan nínú ọkọ̀.