Kòtò Amọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ilé ní Gàmbàrí

Ọ̀gá wa ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa méjèèjì ni yóò lọ dúró ní sáìtì náà. Èmi àti obìnrin kan tí a jọ jáde yunifásítì ni. Ọ̀sẹ̀ kan náà la wọ ọ́fíìsì kékeré yẹn ní àdúgbò Post Office, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò ìpìlẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé alájà. Láti ìgbà náà, ìdí tábìlì la wà. Ẹni tó bá lọ sí sáìtì ni yóò rí ilé láti ilẹ̀ dé òkè, òun náà ni ọ̀gá yóò máa pè ní ẹnjiníà níwájú àlejò. Mo fẹ́ àǹfààní yẹn gan-an. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Agboolé kan ní Gàmbàrí ni. Ilé amọ̀ àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ti wó, àwọn ọmọ ilé sì fẹ́ fi ilé alájà mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. A ti gbẹ́ ihò méjì láti yẹ ilẹ̀ wò. A kò lọ jìnnà nínú èyíkéyìí tí a fi kan yangí, ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta. Èmi ni mo kọ àbájáde rẹ̀: yangí yìí tó gbé ilé náà, kò sí ìdí láti wa ilẹ̀ jìn. Mo yẹ ìṣirò mi wò léraléra kí n tó gbé e fún ọ̀gá.

Ọ̀gá kó wa lọ síbẹ̀ láti ṣàlàyé fún àwọn onílé. Ìyá àgbà agboolé ló pàdé wa. Mo dọ̀bálẹ̀, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní Ọ̀mù-Àrán. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o." Ó tán. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ó dárúkọ agboolé wọn nítòsí Ọjà Tuntun, ìyá àgbà sì pariwo.

"Háà! Ilé yín ni ìyá ọkọ mi ti wá! Dìde, wá jókòó tì mí."

Ó jókòó tì í. Àwa tó kù wà lórí ìdúró. Ó wo àlàpà tó kù, ó béèrè pé, "Màmá, níbo ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé yìí?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Níbo ni wọn ì bá ti wà á? Ẹ̀yìnkùlé náà ni. Wọ́n wà á títí ó fi di kòtò ńlá. Òjò á rọ̀, ewúrẹ́ á já sí i. Nígbà tó yá, a sọ ọ́ di ààtàn. Ó kún, a gbàgbé."

N kì í gba ọ̀rọ̀ láìwọ̀n ọ́n. Mo ní ìtàn ni èyí títí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Ẹlẹgbẹ́ mi yíjú sí mi. "Ìwọ yìí! Bí wọ́n bá ní ìyá rẹ ló bí ọ, wàá ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò wá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ti ọ̀gá ló dùn mí jù.

A gbẹ́ ihò kẹta sí ibi tí ìyá àgbà nawọ́ sí. Mo dúró tì wọ́n, mo ń bẹ Ọlọ́run kí yangí yọ. Eérú ló yọ. Àfọ́kù ìkòkò, àkísà, eérú sí i, títí wọ́n fi kan omi. Obìnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn tún bí mi nínú ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí yangí, tí èkejì wà lórí ààtàn, yóò ya. Ó di dandan kí a lo páìlì, òpó kọnkéré tí a ń gbẹ́ ihò rì mọ́lẹ̀, tí yóò la ààtàn kọjá lọ gúnlẹ̀ sórí àpáta. Ọ̀gá ní kí kálukú wa ya tirẹ̀ wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá péye ló ń lọ.

Mo bi ara mi léèrè lọ́jọ́ wọ̀nyẹn bóyá ìmọ̀ ni obìnrin yìí ní àbí oríire ibi tí wọ́n bí i sí. Ilé búlọ́ọ̀kù ni mo dàgbà sí. Lọ́rì ló gbé yanrìn tiwa wá. Kò sí olùkọ́ tó sọ fún wa pé gbogbo ilé amọ̀ ló ní kòtò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n má béèrè náà. Ọ̀nà yòówù kí n gbà wò ó, òun ló tẹ̀wọ̀n jù mí lọ.

Nígbà tí obìnrin náà tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì, mo rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Àpáta nísàlẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé páìlì. Ilẹ̀ tó yí i ká náà máa ń dì í mú. Ó ti ka ààtàn mọ́ ilẹ̀ tó ń dì í mú. Bẹ́ẹ̀, ààtàn ṣì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ń rọlẹ̀, yóò rọ̀ mọ́ páìlì bí ẹni tó ń rì sódò ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹni tó wá yọ ọ́. Inú mi dùn gan-an.

"Sà," mo ní, "ààtàn yẹn kò lè gbé páìlì. Ẹrù ni yóò dì lé e."

Obìnrin náà tún ìṣirò rẹ̀ yẹ̀ wò. "Òótọ́ ni," ló wí. "Mo gbà." Bó ṣe gbà nìyẹn, láìjiyàn. Èmi ì bá jiyàn.

Ọ̀gá kọjú sí mi. "Ìwọ lò ń lọ."

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ìyá àgbà jókòó sábẹ́ ìbòji, ó ń wò wá. "Ọmọ wa dà?" Mo ní ó wà ní ọ́fíìsì. "Ṣé ara rẹ̀ yá? Ẹ bá mi kí i." Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè, ó sì gbé abọ́ wàrà kan tó ní ìdérí fún mi, pé kí n gbé e fún un. Mo gbé e.

Nígbà tí páìlì àkọ́kọ́ kan àpáta, ibi tí mo ṣírò gan-an ló ti kàn án. Mo wò yíká. Ìyá àgbà juwọ́ sí mi, mo sáré lọ.

"Ẹnjiníà, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ wa, kí n sọ fún un pé kòtò wa ti ní òpó."

Mo pè é, mo gbé fóònù fún ìyá àgbà. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ń pè mí pé ibo ni ihò kejì. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo na ọwọ́, mo ń retí fóònù mi.